Ọdún Tí Wọn Kò Kà

Ó ti pé ọdún méjìdínlógún tí Adéjìmí Àkànó ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé ilé káàdì ní Ọsibítù Ìfarabalẹ̀, ní Abúlé Òkúta, kí wọ́n tó gbé kọ̀ǹpútà mẹ́ta wá síbẹ̀. Ọdún kẹta tí àwọn alágbádá gba ìjọba lọ́wọ́ sọ́jà ni. Gbogbo ènìyàn ló ń retí ohun tuntun nígbà náà. Ẹlòmíì ń retí iná, ẹlòmíì ń retí omi ẹ̀rọ, ẹlòmíì kàn ń retí ni, kò mọ ohun tí òun ń retí. Ohun tuntun tó kan ọsibítù náà ni àwọn ẹ̀rọ mẹ́ta tí wọ́n tò sórí tábìlì gígùn nínú ilé káàdì, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tó ń ké lẹ́yìn fèrèsé.

Ẹgbẹ́ kan láti ìlú òyìnbó ló fi wọ́n ta ọsibítù lọ́rẹ. Wọ́n rán ọmọbìnrin kan, Dọlápọ̀, tẹ̀lé wọn pé kó fi oṣù mẹ́fà kọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì kò gba ti ẹ̀rọ náà rárá. Wọ́n ní iṣẹ́ ti di ìlọ́po méjì: àwọn á kọ ọ́ sínú ìwé tán, àwọn á tún máa fi ìka tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń pa eèrà. Adéjìmí nìkan ni kò ráhùn. Òun gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ bínú, torí bí aláìsàn bá gbàgbé nọ́ńbà káàdì rẹ̀, ojú rẹ̀ lásán ni Adéjìmí máa wò, tí á sì nawọ́ sí ibi tí káàdì náà wà. Ṣùgbọ́n láti ọdún márùn-ún tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, iṣẹ́ tí kò ní jẹ́ kí òun ráyè ronú ni ó ń wá. Ìka rẹ̀ lọ́ra lórí ẹ̀rọ náà, àmọ́ kì í ṣì í tẹ̀.

Lọ́jọ́ kan Dọlápọ̀ fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ mọ ibi tí káàdì kọ̀ọ̀kan wà. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi yín pé obìnrin mélòó ló kú sórí ìkúnlẹ̀ ní ọsibítù yìí láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ṣé ẹ lè sọ ọ́?"

"Rárá."

"Mo bi mátírọ́nì, wọn ò lè sọ ọ́. Mo bi ọ̀gá pátápátá, wọ́n ní àwọn tó kú kò pọ̀. Ẹni tí kò mọ iye òkú rẹ̀, báwo ló ṣe máa dín in kù? Ohun tí ẹ̀rọ yìí wà fún nìyẹn. A ó kó rẹ́jísítà wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí wá síbí, a ó sì tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láti 1997."

Adéjìmí ní ó dáa. Kò sọ fún un pé 1997 ni ìyàwó òun kú. Lójú tirẹ̀, Moyọ̀sọ́lá kò sí lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Kì í ṣe ọsibítù ló kú sí. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló kú sí.

Bí wọ́n ṣe sọ fún un nìyẹn. Ó lọ sin bàbá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó lóṣù kẹjọ ọdún náà, ó fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ àti Níní, ọmọ wọn, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá. Orí fífọ́ mú Moyọ̀sọ́lá láàárọ̀ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ràsákì, awakọ̀ takisí tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ló gbé e sọ́kọ̀ lọ sí ọsibítù. Nígbà tí Adéjìmí fi máa padà dé lọ́jọ́ kejì, ilé òkú ni wọ́n mú un lọ. Mátírọ́nì Ikúmápàyí, tí wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́tàlá nígbà náà, di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ó ti dákẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, Adéjìmí. Bí wọ́n bá tètè dé ni."

Ràsákì ní irọ́ ni. Ó ní kò tíì tó aago mẹ́wàá àbọ̀ tí àwọn dé, pé obìnrin náà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. Ṣùgbọ́n ìgbà ọ̀wọ́n epo ni, ìlà ọkọ̀ ń gùn láti ilé epo dé ìta ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan sì ní àwọn rí takisí Ràsákì lórí ìlà. Adéjìmí gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì wò. Ọ̀kan ti ẹnu mátírọ́nì wá, èkejì ti ẹnu awakọ̀ takisí. Ó jáde sí àgbàlá ilé náà, níbi tí ìdílé mọ́kànlá jọ ń gbé, ó dúró níwájú gbogbo wọn.

"Ràsákì, ìwọ lo pa ìyàwó mi. Epo lò ń tò fún, tó fi kú sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ."

Ọ̀rọ̀ náà lẹ̀ mọ́ Ràsákì bí oje igi. Onílé ní kó wá yàrá síbòmíràn kí oṣù tó parí. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fi takisí rẹ̀ gbé aláìsàn mọ́, nígbà tó sì pẹ́, kò sẹ́ni tó wọ̀ ọ́ rárá ládùúgbò. Wọ́n ní ó ti lọ ń gbé ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà. Adéjìmí náà kò lè gbé yàrá yẹn pẹ́. Ó kó lọ sí àdúgbò Ladi-Lak lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Ohun kan ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn láti ìgbà náà, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Moyọ̀sọ́lá ní káàdì aboyún ní ọsibítù, Adéjìmí fúnra rẹ̀ ló kọ nọ́ńbà sí i. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó wá káàdì náà títí, kò rí i. Òun tí kò sọ káàdì nù rí, ó gbà pé ìbànújẹ́ ló mú kí òun ṣi káàdì ìyàwó òun fi síbòmíràn. Ó máa ń tijú rẹ̀.

Mátírọ́nì ló ń tọ́jú rẹ́jísítà wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ilé káàdì kì í rí i. Nígbà tí Dọlápọ̀ béèrè, ó kó ti 2001 wá, ó kó ti 2000 wá, ti 1999 àti 1998 tẹ̀ lé e. Ó ní ikán ti jẹ ti 1997. Dọlápọ̀ ní kí wọ́n ṣáà gbé èyí tí ikán jẹ kù wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, ìwé náà dé, wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e. Ikán kò fẹnu kàn án.

Adéjìmí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹ̀rọ náà á béèrè orúkọ, òun á tẹ̀ ẹ́. Á béèrè ọjọ́ orí, á béèrè wákàtí tí obìnrin náà dé, á béèrè bóyá ó yè tàbí ó kú. Bó bá kú, á béèrè bóyá ó ti kú kó tó dé ni tàbí inú ọsibítù ló kú sí. Nígbà tí oòrùn fi máa kan àtàrí, ó ti dé oṣù kẹjọ. Ó ṣí ojú ìwé kan, ó sì rí orúkọ Moyọ̀sọ́lá Àkànó.

Ó mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Ọdún méjìdínlógún ló ti ń ka ìkọ̀wé Mátírọ́nì Ikúmápàyí lára káàdì, ó mọ bí ó ṣe máa ń fa ìrù lẹ́tà gùn bí ẹni tí kò fẹ́ gbé bírò sókè. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, Adéjìmí sì ka gbogbo rẹ̀. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: ó dé, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, aládùúgbò mú un lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ga gan-an. Aago mọ́kànlá ku ogún ìṣẹ́jú: a ránṣẹ́ sí Dókítà Ẹkúndayọ̀. Aago méjìlá kọjá: a tún ránṣẹ́. Aago kan àbọ̀: gìrì mú un. Aago méjì ku díẹ̀: a tún ránṣẹ́ sí dókítà. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n: ó dákẹ́. Ọmọ kò yè.

Ó tún un kà. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn fèrèsé. Ó tẹ orúkọ ìyàwó rẹ̀, ó tẹ ọjọ́ orí rẹ̀, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Nígbà tó dé ibi tí ẹ̀rọ ti béèrè ibi tó kú sí, ó dúró.

"Bàbá, ṣé ẹ̀rọ yẹn ti dákú ni?" Dọlápọ̀ bi í láti orí tábìlì tirẹ̀.

"Kò dákú."

Ó tẹ̀ ẹ́: inú ọsibítù. Lẹ́yìn náà ló pa ìwé náà dé, ó fi ìka há ojú ewé yẹn, ó sì gba wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí lọ.

Mátírọ́nì Ikúmápàyí ń ká báńdéèjì nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́bàá wọ́ọ̀dù. Ó ku oṣù mẹ́rin kó fẹ̀yìn tì. Adéjìmí ṣí ìwé náà síwájú rẹ̀. Kò wò ó.

"Ta ló kọ eléyìí, mà?"

"Èmi ni."

"Ẹ sọ fún mi pé ó ti dákẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀." Ó gbé báńdéèjì sílẹ̀. "Dókítà wà ní kílíníìkì tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ní òun ń bọ̀. Aago márùn-ún ló dé. Ó ní òṣìṣẹ́ wa ni ọkọ rẹ̀, bó bá mọ̀, kò ní lè bá wa ṣiṣẹ́ mọ́, ká sọ pé ojú ọ̀nà ló ti ṣẹlẹ̀. Mo rò pé àánú rẹ ni mo ń ṣe, pé kí o má máa wá wo ojú wa láràárọ̀ kí o máa rántí. Mo rò ó bẹ́ẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan."

"Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ńkọ́?"

"O ti pariwo lé ọkùnrin yẹn lórí. Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Káàdì rẹ̀ ńkọ́?"

"Dókítà ló gbà á. Mi ò mọ ibi tó fi sí."

Adéjìmí jókòó lórí àpótí tó wà níbẹ̀. Kì í ṣe òun ló sọ káàdì náà nù. Ó yà á lẹ́nu pé nínú gbogbo ohun tó gbọ́, èyí ló kọ́kọ́ mú omi bọ́ lójú òun.

"Kí ló dé tí ẹ ò sun ìwé yìí?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí. Mi ò lè jù ú sínú iná. Àwọn obìnrin mìíràn náà wà nínú rẹ̀." Obìnrin náà wá wo ojú rẹ̀. "Mi ò ní kí o dárí jì mí. Mo ti dàgbà ju ẹni tó ń tọrọ ohun tí kò tọ́ sí i."

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa parí, iye tí ẹ̀rọ náà kà jáde ti dé iwájú Dókítà Ẹkúndayọ̀, tó ti di ọ̀gá pátápátá ọsibítù. Ó ránṣẹ́ pe Adéjìmí àti Dọlápọ̀. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde wà lórí tábìlì rẹ̀. Obìnrin mẹ́tàdínlógún ló kú lọ́dún 1997 nìkan, mẹ́rìnlá nínú wọn ló kú sínú ọsibítù.

"Mo rí ohun tí ẹ tẹ̀ nípa ìyàwó yín," ó sọ fún Adéjìmí. Kò gbé ohùn sókè. "Mo bá yín kẹ́dùn nígbà náà, mo tún ń bá yín kẹ́dùn nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n àwọn tó fún wa ní ẹ̀rọ yìí á gbé ìwé yìí, wọ́n á fi wá wé ọsibítù mìíràn. Wọ́n á ní ibi ìpànìyàn nibí. Ṣé ìyẹn ló máa jí òkú?"

"Kò lè jí òkú, sà," Adéjìmí wí. "Ẹ̀yin ni wọ́n ránṣẹ́ sí."

Ọkùnrin náà kọjú sí Dọlápọ̀. "Ọdún mélòó ni àwọn ọ̀gá yín ní ká kà?"

"Ó kéré tán, ọdún mẹ́ta, sà. Èmi ni mo ní ká kà á dé márùn-ún."

"Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti 1999 nígbà náà, ọdún tí alágbádá dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láyé sọ́jà, kí ayé sọ́jà gbé e lọ."

Dọlápọ̀ wo Adéjìmí, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, sà." Lọ́jọ́ kejì ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó yọ 1997, ó yọ 1998. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ó fẹ́ bẹ Adéjìmí, ṣùgbọ́n Adéjìmí ní kò sí ohun tó ṣe fún òun, pé wọ́n rán an níṣẹ́ ni. Adéjìmí kàn yá rẹ́jísítà náà fún wákàtí kan, ó gbé e lọ sí ìsọ̀ kan lójú títì níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì, ó ní kí wọ́n bá òun ṣe ojú ewé kan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé ló lọ sí Ìlàjẹ. Èéfín ẹja gba gbogbo ibẹ̀, pákó ni wọ́n tẹ́ sórí ẹrẹ̀ kí ènìyàn tó lè rìn. Wọ́n júwe Ràsákì fún un lábẹ́ àtíbàbà páànù kan. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe báyìí. Irun rẹ̀ ti funfun, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ ni wọ́n.

"Ràsákì, o kú iṣẹ́ o," Adéjìmí wí.

Ràsákì gbójú sókè. Ó mọ̀ ọ́n, ó hàn lójú rẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ́ńjìnnì lẹ fẹ́ tún ṣe ni?"

Ìwọ ni wọ́n ń pe ara wọn nígbà tí wọ́n jọ ń gbé àgbàlá kan, tí wọ́n jọ ń ka ìwé ìròyìn kan ṣoṣo. Ẹ̀yin tí Ràsákì lò yìí, bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ni, ó sì dun Adéjìmí ju èébú lọ. Ó yọ ìwé náà lápò. Ó ṣàlàyé ibi tí òun ti rí i, ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ti ń kà á lọ. Ràsákì ń fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, ó nù ún nù ún títí tí kò fi sí òróró níbẹ̀ mọ́, ó ṣì ń nù ún.

"Ẹ tún ka wákàtí tí a dé yẹn."

"Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún."

"Ẹ tún ka ti ẹsẹ̀."

"Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé, aládùúgbò mú un lọ́wọ́."

Ràsákì mi orí. "Epo wà nínú ọkọ̀ mi lọ́jọ́ yẹn. Ọjọ́ kejì ni mo tò. Mo fẹ́ wá pàdé yín ní gáréèjì, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ará ọ̀nà. Orí ìlà ni mo wà tí ẹ fi wọlé." Ó ju àkísà náà sílẹ̀. "Ìyá mi kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó kú pẹ̀lú èrò pé ọmọ òun pa aboyún. Ta ló máa ka ìwé yìí fún un?"

Adéjìmí dọ̀bálẹ̀ sórí pákó náà pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Ràsákì kò ní kó dìde, kò sì ní kó má dìde.

"Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?" Adéjìmí béèrè láti ilẹ̀.

"Ibi tí ẹ ti sọ ọ́, ẹ lọ sọ ọ́ níbẹ̀."

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù ló mú, ọjọ́ ìmọ́tótó tí ẹnikẹ́ni kì í jáde kí aago mẹ́wàá tó lù. Ó dé àgbàlá ilé náà ní Abúlé Òkúta kí aago méje tó lù. Onílé ti kú, ọmọ rẹ̀ ti sọ iwájú ilé di ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ènìyàn ń kó ẹrẹ̀ kúrò nínú gọ́tà. Adéjìmí dúró sí àárín àgbàlá, ó kí wọn, ó sọ orúkọ rẹ̀. Ó ní ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, òun dúró síbí, òun pe Ràsákì ní apànìyàn, pé irọ́ ni, pé Ràsákì gbé ìyàwó òun dé ọsibítù láàyè, ọsibítù ló kú sí. Ó na ìwé náà sókè.

Wọ́n ń wò ó. Ọkùnrin kan tó di ṣọ́bìrì mú béèrè pé, "Ta ni Ràsákì?"

Obìnrin kan jáde láti ẹ̀yìn, Beatrice, aránṣọ. Òun nìkan ló kù nínú ìdílé mọ́kànlá àtijọ́. "Bàbá Níní, gbogbo wọn ti kó lọ. Àwọn yìí ò mọ̀ yín, wọn ò mọ̀ ọ́n."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ti gbọ́," Beatrice wí. Ó sì dúró tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ibi tí ẹni kọ̀ọ̀kan kó lọ, èyí tó bá mọ̀.

Dọlápọ̀ parí oṣù mẹ́fà rẹ̀, ó lọ. Ìròyìn tí ọsibítù fi ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti 1999, wọ́n sì yìn wọ́n fún un. Nígbà tó di ọdún kejì, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́ nínú mẹ́ta, àwọn nọ́ọ̀sì ti padà sí ìwé nìkan. Adéjìmí ṣì wà nílé káàdì. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà nílé ìwé, kò rí ibòmíràn tó máa gbà á. Bí òun àti Dókítà Ẹkúndayọ̀ bá pàdé lọ́nà, wọ́n á kí ara wọn.

Ọjọ́ Àìkú ló fi ń wá àwọn ará àgbàlá náà. Nínú ìdílé mẹ́jọ tó kù lẹ́yìn Beatrice, ó rí mẹ́rin láàrin ọdún kan. Méjì mìíràn ti kú. Nínú àwọn mẹ́rin tó rí, ẹnìkan kò rántí ọ̀rọ̀ náà rárá. Ẹnìkan, bàbá arúgbó kan ní Ṣómólú, rántí rẹ̀ dáadáa. Ó jẹ́ kí Adéjìmí ka ìwé náà tán, ó mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ ayé nìyẹn. Nígbà tó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, ó ní, "Ṣùgbọ́n ó ṣáà tò fún epo, àbí kò tò?"

Adéjìmí máa ń lọ jíṣẹ́ fún Ràsákì lẹ́yìn ìrìn kọ̀ọ̀kan, ó máa ń sọ ẹni tó rí àti ohun tí ẹni náà wí. Ó sọ ti bàbá arúgbó náà fún un pẹ̀lú, kò fi pamọ́. Ràsákì gbọ́ ọ tán.

"Ta ló tún kù?"

"Méjì. Mi ò tíì mọ ibi tí wọ́n wà."

"Ẹ máa wá wọn," Ràsákì wí, ó sì tẹ̀ ba ẹ́ńjìnnì tó ń tún ṣe.